Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù: Kí ni ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ouagadougou lè jẹ?

Bí ọ̀sán bá ti pọ́n ní Koulouba, àdúgbò kan láàárín ìlú Ouagadougou tí ọ́fíìsì pọ̀ sí, àwọn alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ igi àti abẹ́ páànù tí ìkòkò ńlá ti ń rú èéfín ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń forí lé. Ìrẹsì tí wọ́n fi òróró àti tòmátì sè, èyí tí wọ́n ń pè ní riz gras, kì í pẹ́ tán. Ó jọ jọ̀lọ́ọ̀fù tiwa, ṣùgbọ́n òróró rẹ̀ lè pọ̀ débi pé yóò ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ àwo lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹ ìrẹsì tán.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Ẹni ọdún 52 ni, páàtì alùpùpù ló sì ń tà. Owó ọjà yìí ló fi ń rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, òun náà ló sì ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sí ìyá wa lóṣooṣù.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń ka ṣéńjì fún oníbàárà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìròyìn yìí, ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà kò tíì lè di nǹkan mú. Ẹ̀rù ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n mi rí lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti dé Burkina Faso.

Bí wọ́n ṣe fún un ní èsì, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mi ò tíì kà á tán tó fi pè.

"Àbúrò, wọ́n ní ọ̀rá wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣé kí n má jẹun mọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ ó jẹun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀."

Kí ni bébà àyẹ̀wò náà ń sọ?

Ọ̀rá tí wọ́n ń wí yìí ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Kì í ṣe májèlé. Ara nílò rẹ̀ láti fi ṣe awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn họ́mọ́ọ̀nù kan àti fítámì D. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba ló ń ti inú oúnjẹ wọlé.

Nítorí pé ọ̀rá kì í pò mọ́ omi, ó ní ohun tó ń gbé e kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Méjì ni ẹ ó máa rí jù lórí bébà àyẹ̀wò. LDL ló ń gbé ọ̀rá láti ẹ̀dọ̀ kiri ara. Tó bá pọ̀ jù, ó máa ń wọ inú ògiri iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, á sì máa ṣù síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. HDL ní tirẹ̀ máa ń kó lára ọ̀rá tó bá ṣẹ́ kù padà sí ẹ̀dọ̀. Lọ́jọ́ tí ohun tó ṣù sínú iṣan náà bá bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì dì lé e lórí, ọ̀nà lè dí pátápátá. Bó bá jẹ́ iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ ló dí, rọpárọsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti ọkàn, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Kò sí orí fífọ́, kò sí ìrora, kò sí òòyì tí ẹ fi lè mọ̀ pé LDL yín ti ga. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò nìkan ló lè sọ.

Iye tó wà lórí bébà ẹ̀gbọ́n mi nìyí: àpapọ̀ jẹ́ 2.52, LDL jẹ́ 1.68, HDL jẹ́ 0.45, gbogbo rẹ̀ ní gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò láwọn orílẹ̀èdè tó ń sọ Faransé ṣe máa ń kọ ọ́. Mo dúró lórí èyí díẹ̀ nítorí ó máa ń da àwọn èèyàn wa tó ń rìnrìn àjò láàmú. Ẹni tí wọ́n kọ 2.52 fún ní Ouagadougou tàbí Cotonou, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní Èkó, wọ́n lè kọ 252 fún un, wọ́n sì lè kọ 6.5 fún un ní ilé àyẹ̀wò míì. Iye kan náà ni gbogbo rẹ̀, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ ni kí àpapọ̀ má tó 2, ìyẹn 200 tàbí 5.2 nínú àwọn òṣùwọ̀n yòókù. Ní ti LDL, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ló ń dára sí i, iye tí dókítà yóò sì fẹ́ fún yín dá lórí ọjọ́ orí yín, bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, àti bóyá ẹ ń mu sìgá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi náà ti ga díẹ̀. Dókítà ní kó lọ tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ó kúrò níbẹ̀, ó di ilé ìtajà ńlá. Ó ra òótì, ó ra búrẹ́dì aláwọ̀ dúdú, ó ra ìgò kékeré òróró ólífì kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀ fi tán, owó tó ná lé e sì dùn ún wọra. Ó padà sídìí riz gras. Lójú tirẹ̀, oúnjẹ ẹni tó ní ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀ ti kọjá agbára rẹ̀.

Nanoro kò jìnnà sí Ouagadougou

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ ni pé ìlú kan wà tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 85 lọ sí Ouagadougou, Nanoro lorúkọ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ti lọ wọn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ibẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí náà ń jẹ́ AWI-Gen. Ó kó àwọn èèyàn tó lé ní 10,000 jọ, láti ibi mẹ́fà ní Burkina Faso, Ghana, Kenya àti South Africa, ọ̀pọ̀ wọn sì wà láàárín ọdún 40 sí 60. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Nanoro àti ti Navrongo ní àríwá Ghana ló kéré jù níbẹ̀. Ti àwọn ará South Africa ló ga jù wọ́n lọ.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ láti Italy gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọdé abúlé Boulpon, ní agbègbè kan náà. Wọ́n fi oúnjẹ àti kòkòrò àìfojúrí inú ìfun àwọn ọmọ náà wé ti àwọn ọmọ ìlú Florence. Jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ni àwọn ọmọ Boulpon ń jẹ. Ẹran kì í tó nǹkan níbẹ̀, àmọ́ tí òjò bá rọ̀ wọ́n máa ń rí ikán jẹ. Fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ ọ̀gbìn tí ara wa kò lè dà, tó gíráàmù 14.2 lójúmọ́ nínú oúnjẹ àwọn tó ti lé ní ọdún méjì níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ Florence jẹ́ 8.4.

Bí àwọn Yorùbá bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Mossi nìkan lèyí, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní ọdún 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sókè, àwọn Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn nílùú Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú nílùú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Àìsàn ìgbàgbé àgbà ni wọ́n ń wá kiri, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ti àwọn ará Ìdíkàn kéré sí ti àwọn ará Indianapolis, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà tó tan mọ́ra ni wọ́n.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa gbé bí ará abúlé tí ebi ń pa nígbà òjò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ oúnjẹ yìí ní abúlé, àìlówó lọ́wọ́ ló jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ láìsí ẹran, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ni kò sì rí oúnjẹ tó kún rí. Àmọ́ ohun kan hàn gbangba: oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi rò pé òun ní láti ra lọ́wọ́ òyìnbó, irú rẹ̀ wà lọ́jà Ouagadougou ní owó pọ́ọ́kú.

Kí ni ilá ń ṣe fún ọ̀rá?

Inú ẹ̀dọ̀ ni òróòro ti ń wá, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sì ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe é. Bí a bá jẹun tán, òróòro á dà sínú ìfun láti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá inú oúnjẹ, lẹ́yìn náà ara á fà á padà láti tún un lò. Àwọn fáíbà tó ń yọ̀, irú èyí tó wà nínú ilá, ẹ̀wà àti òótì tí ẹ̀gbọ́n mi ra, máa ń dí òróòro náà mú, wọ́n á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá rí i pé òróòro òun dín. Láti ṣe òmíràn, á fa LDL jáde látinú ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 2003, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto dán èyí wò. Wọ́n pín àwọn àgbàlagbà 46 tí ọ̀rá wọn ga sí ọ̀nà mẹ́ta fún oṣù kan. LDL àwọn tó ń jẹ oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré lásán lọ sílẹ̀ ní ìdá 8 nínú 100. Ti àwọn tó fi oògùn kún un lọ sílẹ̀ ní ìdá 30.9. Ìsọ̀rí kẹta jẹ àkópọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ṣà jọ: sóyà, álímọ́ńdì, òótì, bálì, nǹkan ọ̀rá kan tí wọ́n yọ lára ewéko, pẹ̀lú ilá àti ìgbá. Tiwọn lọ sílẹ̀ ní ìdá 28.6. Ilá àti ìgbá! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí mo rántí iye ìgbà tí a ti pe ọbẹ̀ ilá ní ọbẹ̀ tálákà nílé wa.

Láti ṣe òótọ́, gbogbo oúnjẹ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣètò fún wọn, ilá nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ ilá tó wá da ṣíbí òróró mẹ́rin lé e lórí kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ wá kan òróró

Ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó nǹkan nìyí. Ọ̀rá tó ń gbé LDL sókè jù nínú oúnjẹ ni èyí tó máa ń dì bí ooru bá lọ sílẹ̀: ọ̀rá ara màlúù àti àgùntàn, bọ́tà, àti epo pupa. Ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀dọ̀ falẹ̀ láti kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí irú ọ̀rá yìí má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ń fún wa lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ ìwọ̀n kálórì 2,000, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 22. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa ní nǹkan bíi gíráàmù 7 nínú. Ṣíbí mẹ́ta, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ààlà, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kan ẹran.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ Yorùbá kankan nínú. Epo pupa dára fún ojú nítorí ohun tó fún un ní àwọ̀ pupa rẹ̀, n ò sì sọ pé kẹ́ ẹ má fẹnu kàn án mọ́. Ẹ dín in kù ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ìgò tí wọ́n kọ "sans cholestérol" sí lára tàn yín jẹ. Òróró tó bá ti ara igi tàbí ewéko wá, kò sí èyí tó ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ṣe é kà nínú, epo pupa pàápàá. Irú ọ̀rá tó wà nínú ìgò náà ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè.

Ní Burkina, òróró kóró òwú wọ́pọ̀, ilé iṣẹ́ SN CITEC ní Bobo-Dioulasso sì wà lára àwọn tó ń fún un. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá tó ń dì, ti epo pupa sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Òróró ẹ̀pà tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Òrí náà ní ọ̀rá tó ń dì tó sún mọ́ ìdajì, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í gbé LDL sókè bí ti epo pupa. Síbẹ̀, òróró yòówù kó jẹ́, bó bá pọ̀ jù ó ń sanra fúnni, èyí tí wọ́n sì ti fi dín nǹkan léraléra títí tó fi dúdú, ẹ jìnnà sí i.

Ohun tó yí padà nínú àwo

Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ouagadougou, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ sí Koulouba lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò riz gras tó ti ń jẹ láti ọdún yìí wá, ìkòkò méjì míì wà níbẹ̀ tí kò bojú wò rí. Ọ̀kan jẹ́ tô, ọkà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun jéró tàbí àgbàdo rò, tí àwọn Mossi ń pè ní sagbo. Ìkejì jẹ́ ọbẹ̀ rẹ̀, ewé igi oṣè tí wọ́n gún, tí wọ́n fi soumbala sí. Mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. Irú ni soumbala, ewé oṣè sì ni lúrú tí àwọn ará Ìlọrin ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé láàárín oúnjẹ ilé látọjọ́ yìí, orúkọ Faransé ni kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọkà náà kò sì gbọdọ̀ ga bí òkìtì. Èyí ṣe pàtàkì, torí ìyẹ̀fun funfun tó pọ̀ jù máa ń gbé irú ọ̀rá míì sókè nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì dára fún ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fà á. Lọ́jọ́ méjì míì, ó máa ń jẹ benga, ìyẹn ẹ̀wà. Àṣà ibẹ̀ ni kí wọ́n da òróró lé e lórí. Ó ti ń sọ fún ìyá olóúnjẹ pé ṣíbí kékeré kan ti tó. Ìyá náà kọ́kọ́ rò pé owó ló ń sọ.

Oúnjẹ àárọ̀ ló le jù fún un. Búrẹ́dì, ẹyin tí wọ́n dín nínú òróró tó ń hó, àti kọfí tí wọ́n da mílíìkì agolo aládùn sí, bí búkà ẹ̀gbẹ́ títì ṣe ń tà á nìyẹn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀kọ jéró ló fi rọ́pò rẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà. Samsa, àkàrà wọn, ó ti di ọjọ́ Sátidé nìkan. Gonré tí wọ́n fi ẹ̀wà àti ewé sè bíi mọ́ínmọ́ín ló ń rà láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹran àgùntàn ọlọ́ràá tí wọ́n ń sun lálẹ́ kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀, èmi náà kò sì bá a jà lórí ìyẹn. Ó ti ń fi ẹja rọ́pò rẹ̀, tàbí adìyẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní poulet bicyclette, èyí tí kò sanra nítorí pé ó ti sáré kiri ilé kó tó kú. Ó máa ń bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ti dín kúùbù inú ọbẹ̀ kù. Ti iyọ̀ nìyẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹyin ńkọ́? Omi ewúro ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sá fún ẹyin nítorí pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà nínú pupa rẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 186 nínú ẹyin ńlá kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rá tó ń dì nínú oúnjẹ ló ń gbé LDL sókè ju ẹyin lọ. Ẹyin sísè kan lójúmọ́ kò léwu fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, kó bi dókítà rẹ̀.

Omi ewúro, ata ilẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti áyùú tí wọ́n ń pín káàkiri lórí WhatsApp pé ó ń "fọ ọ̀rá kúrò nínú iṣan", ẹ máa jẹ wọ́n bí oúnjẹ. Kò sí èyí tó ń fọ iṣan bí ẹni fọ kòtò omi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ẹni tó máa ń torí rẹ̀ pa oògùn tì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn ni LDL wọn ti ga, nǹkan bí ẹni kan nínú 250 sí 300 láyé. Bí irú wọn ń jẹ ilá láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, oògùn ni wọ́n ṣì nílò. Bí ẹ̀yin bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí àìsàn ọkàn pa kó tó pé ọdún 55, ẹ má dúró de àpẹẹrẹ kankan kẹ́ ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. LDL rẹ̀ ti wálẹ̀ láti 1.68 sí 1.41. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé wọ́n máa ní kó máa lọ sílé. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ru, dókítà sì kọ oògùn fún un, ó ní kó má fi oúnjẹ náà sílẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ráhùn: gbogbo lúrú tí òun ti jẹ, ṣé lásán ni?

Mo ní kì í ṣe lásán, ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi í bóyá ó ti ra oògùn náà. Ó ní ó ti rà á. Mo bi í bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní rọpárọsẹ̀ ti yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò rí kó tó ṣubú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó bi í, òun á bi í lọ́la.